Orí Karùn-ún: Kí Ẹ Tó Sanwó Píánò Tòkunbọ̀

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ ẹni tó ń ta píánò tòkunbọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni pé yóò ṣí ìdérí, yóò fi aṣọ nu orúkọ aláwọ̀ wúrà tó wà lókè kíì, yóò sì tẹ orin ìyìn kan fún yín ní àárín gbùngbùn kíì. Ojú yín á bá orúkọ lọ, etí yín á bá orin lọ, ọwọ́ yín á sì wọ àpò. Mo ti rí ìjọ tó fi ọdún méjì dá owó jọ, tó sì ná an tán báyìí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí mú lọ nínú orí yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Pákó kan wà nínú píánò tí ojú kì í sábà rí, òun ló di gbogbo ìṣó tí a wé wáyà mọ́ mú. Bí pákó náà bá ti kú, kò sí orúkọ tó lè jí i. Pákó yẹn ni kí ẹ wò kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, dùùrù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe gbogbo ohun tó bá ti ní kíì funfun àti dúdú, ìbáà jẹ́ èyí tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ìbáà jẹ́ ti oníná. Píánò yàtọ̀. Ohun tí a ń lù ni. Bí ẹ bá tẹ kíì kan, òòlù kékeré tí a fi fẹ́ẹ̀tì, ìyẹn aṣọ onírun tó ki, wé lórí yóò fò lu wáyà, yóò sì yára yẹra kí wáyà lè ráyè dún. Bí ẹ bá gbé ìka kúrò, fẹ́ẹ̀tì mìíràn yóò bà lé wáyà náà, ohùn á dákẹ́. Akin Euba, ọmọ Èkó tó kọ orin púpọ̀ fún píánò, fi ọdún púpọ̀ wàásù pé àṣà títẹ píánò ti ilẹ̀ Áfíríkà wà, nínú èyí tí píánò yóò máa ṣe bí ìlù àti agogo wa. Ẹni tó bá ti fi ojú rí àwọn òòlù yẹn rí kò ní bá a jiyàn.

Kíì 88 ló wà lórí píánò òde òní, ṣùgbọ́n wáyà inú rẹ̀ ń lọ sí bíi 230, nítorí pé ohùn òkè kọ̀ọ̀kan ní wáyà mẹ́ta, ti ìsàlẹ̀ ní méjì, ti ìsàlẹ̀ pátápátá sì ní ẹyọ kan péré tí a fi bàbà wé lára kó lè wúwo. Wáyà kọ̀ọ̀kan le bí ìgbà tí àgbàlagbà kan bá so rọ̀ mọ́ ọn. Bí a bá ro gbogbo ìfà náà pọ̀, ó lé ní tọ́ọ̀nù 15, tọ̀sán-tòru, yálà ẹnikẹ́ni ń tẹ píánò náà tàbí kò tẹ̀ ẹ́. Férémù irin ńlá ló ń gba ìfà yẹn dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni pákó agbóhùn wà, pákó fẹ́lẹ́ tó fẹ̀, tí afárá onígi kan ń gbé ìmì wáyà fún, òun ló sì ń sọ ìmì yẹn di ohùn tó kún yàrá. Lókè, lẹ́yìn irin, ni pákó ìṣó wà. Igi líle ni, wọ́n sábà máa ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní ìpele-ìpele, wọ́n á dá ihò sí i lára, wọ́n á sì gbá ìṣó irin kọ̀ọ̀kan bọ inú ihò tirẹ̀. Kò sí nọ́ọ̀tì, kò sí gọ́ọ̀mù. Fífún tí igi fún ìṣó náà pinpin nìkan ni kì í jẹ́ kí ó yí padà.

Ọjọ́ orí píánò tún wà lára ohun tó yẹ kí ẹ lè dá mọ̀, ó sì gba ìtàn díẹ̀. Bartolomeo Cristofori, ará Padua tó ń bá ọmọ ọba Ferdinando de' Medici ṣiṣẹ́ ní Florence, ló kọ́kọ́ ṣe é. Ìwé àkọsílẹ̀ ẹrù ààfin náà ti dárúkọ ọ̀kan lọ́dún 1700. Mẹ́ta péré nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló kù láyé: ti 1720 wà ní Metropolitan Museum ní New York, ti 1722 wà ní Róòmù, ti 1726 wà ní Leipzig. Igi ni ara wọn. Igi náà ló gbé èyí tí ilé-iṣẹ́ Broadwood ti Lọ́ńdọ̀nù fi ta Beethoven lọ́rẹ ní ìparí 1817 ró. Igi nìkan kò lè gba ìfà tó pọ̀, ìdí nìyẹn tí ohùn ìgbà yẹn kì í fi í rinlẹ̀ bíi ti òde òní. Lọ́dún 1821, ilé Érard ṣe ẹ̀rọ tó jẹ́ kí òòlù lè lu wáyà lẹ́ẹ̀kejì kí kíì tó padà sókè tán. Lọ́dún 1825, Alpheus Babcock ní Boston gba ìwé àṣẹ lórí férémù irin tí a rọ ní odidi. Nígbà tó di 1859, ilé Steinway ní New York gba tiwọn lórí gbígbé wáyà ìsàlẹ̀ dábùú ré orí àwọn tó kù kọjá nínú gráàndì, ìyẹn píánò tó nà gbalaja, kí wáyà gígùn lè wọ inú àpótí tí kò gùn púpọ̀. Bí ẹ bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí pọ̀, irú píánò tí à ń rà títí dòní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Ìdí tí mo fi ro èyí fún yín ni pé ohun tí ẹ ó fi ojú rí nìyí. Ẹ ṣí ìdérí òkè píánò olóòró, ìyẹn èyí tó dúró ṣánṣán mọ́ ògiri. Bí gbogbo wáyà rẹ̀ bá lọ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìdábùú ara wọn, tí ọ̀pá wáyà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sì tò níwájú àwọn òòlù bí àgò ẹyẹ, píánò ayé àtijọ́ ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, títí wọ inú ọ̀rúndún ogún. Fẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó pa ohùn wáyà wà lókè òòlù, kò sì lè pa á dáadáa láé. Ojú rẹ̀ máa ń wuni, pẹ̀lú igi tí a fín àti ọ̀pá àbẹ́là méjì níwájú. Ẹ kí ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì máa lọ. Oníṣẹ́ píánò tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ní ti orúkọ, ọdún 1853 rọrùn láti rántí. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá Steinway sílẹ̀ ní New York, Bechstein ní Berlin àti Blüthner ní Leipzig. Bösendorfer ti Vienna ṣáájú wọn, láti 1828. Àwọn ilé yìí ṣe ohun tó dára gan-an, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe ní 1895 ti dàgbà, bí èèyàn ṣe ń dàgbà náà ni. Lọ́ńdọ̀nù ní tirẹ̀ kún fún oníṣẹ́ píánò nígbà kan, pàápàá ní agbègbè Camden Town. Ilé tí wọ́n kọ́ roboto fún Collard & Collard ṣì dúró níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí píánò nínú rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ńlá yẹn kú díẹ̀díẹ̀, títí Kemble ní Milton Keynes fi ti ilẹ̀kùn ní 2009. Láti inú ìdílé àwọn tó ra irú píánò wọ̀nyẹn, láti ilé-ìwé àti gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ni ọ̀pọ̀ èyí tó ń wọ kọ̀ǹténà wá sọ́dọ̀ wa ti ń wá. Ní Japan, Torakusu Yamaha bẹ̀rẹ̀ lórí dùùrù ilé-ìwé kan tó tún ṣe ní Hamamatsu ní 1887. Ọdún 1900 ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣe píánò olóòró àkọ́kọ́. Koichi Kawai, tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí, dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú kan náà ní 1927.

Bí ẹ bá ní kí n sọ tinú mi, Yamaha tàbí Kawai olóòró tí wọ́n ṣe láàárín 1970 sí 1990, tí wọ́n tọ́jú, sàn fún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé-ìwé wa ju orúkọ Jámánì tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Àwọn kan á bínú sí mi. Mo mọ̀ pé ohùn Blüthner àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe dáadáa lè mú omi jáde lójú èèyàn. Àmọ́ ẹni tó máa tún un ṣe bẹ́ẹ̀ ń kọ́? Wáyà àti fẹ́ẹ̀tì tó yẹ ẹ́ ń kọ́? Ẹ ra ohun tí ẹ lè rí ẹni bójú tó.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ tó jẹ́ pé ti oníṣòwò ni. Látijọ́, àwọn olùtajà a máa ra píánò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, wọn a sì lẹ orúkọ ìsọ̀ tiwọn mọ́ ọn. Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí 1851 nínú àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n yà sára rẹ̀, ọdún àfihàn ńlá tó wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ni, kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe píánò náà. Nọ́ńbà tí ẹ ń wá, èyí tí ilé-iṣẹ́ fún píánò náà, wà lára irin lókè, nítòsí àwọn ìṣó, ó sì lè ní ẹyọ nọ́ńbà mẹ́rin sí méje. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Ìwé kan wà tó ń jẹ́ Pierce Piano Atlas tó to nọ́ńbà ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sí abẹ́ ọdún wọn, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà sì ní tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun kan tún wà nípa àwọn àgbà píánò tí mi ò lè fò dá. Kíì funfun ọ̀pọ̀ nínú wọn, eyín erin ni. Ẹ tẹjú mọ́ ọn, ẹ ó rí ìlà tín-ín-rín kan tó dábùú kíì níbi tí ewé eyín méjì ti pàdé, ẹ ó sì rí ìlà wẹ́wẹ́ bí ti igi nínú rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ nínú eyín yẹn gba Zanzibar lọ sí ìlú kéékèèké méjì ní Connecticut, Deep River àti Ivoryton, níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń ṣe píánò. Láti àárín gbùngbùn Áfíríkà, orí èèyàn ló gbé e dé etíkun, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rù ú sì jẹ́ ẹrú. Mi ò lè tẹ irú kíì bẹ́ẹ̀ kí n má rántí wọn. Ní ti òfin, láti 1989 ni àdéhùn CITES ti gbé erin ilẹ̀ Áfíríkà sí ìpele tí a kò ti gbọ́dọ̀ fi eyín rẹ̀ ṣòwò láàárín orílẹ̀-èdè. Ní Bìrìtìkó, òfin eyín erin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2022 gbà kí a ta ohun èlò orin tí wọ́n ṣe ṣáájú 1975 bí eyín inú rẹ̀ kò bá tó ìdá márùn-ún kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ forúkọ ohun èlò náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Gbígbé e kọjá ẹnubodè tún gba ìwé àṣẹ CITES. Bí èèyàn yín ní Lọ́ńdọ̀nù bá fẹ́ fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, kí ó gba ìwé yẹn kí kọ̀ǹténà tó gbéra, kí wọ́n má baà gbẹ́sẹ̀ lé e ní èbúté.

Ó ku àyẹ̀wò gan-an. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, ẹ fi ohun èlò tó ń díwọ̀n ohùn sórí fóònù yín, kí ẹ sì ya wákàtí kan gbáko sọ́tọ̀. Bí ẹni tó ń tajà bá ń kán yín lójú, ìyẹn náà ti sọ nǹkan fún yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kíì tó wà lápá òsì pátápátá, kí ẹ tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan dé apá ọ̀tún, dúdú àti funfun, láìyára. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dún tán. Èyí tí kò bá dún, èyí tó bá lẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kò padà, èyí tó bá ń ta bí ike tó là, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Bí ohùn méjì tàbí mẹ́ta bá ń gbọ̀n bí agolo, ó lè jẹ́ pé bàbà ara wáyà ti tú, ó lè jẹ́ pé pákó agbóhùn ti là. Pákó agbóhùn tó là kì í ṣe òpin ayé, ọ̀pọ̀ píánò àgbà ló ní ojú-là tí ohùn wọn sì dára. Afárá ni kó bà yín lẹ́rù. Bí ẹ bá rí i pé igi afárá ti là láti ìdí ìṣó kékeré kan dé òmíràn, wáyà ibẹ̀ kò ní dún dáadáa mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ A tó wà lókè dò àárín, kí ẹ wo fóònù. Ó yẹ kí ó mì ní ìgbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iye tí ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939. Bí ó bá fi díẹ̀ lọ sílẹ̀, kò burú, ó ti rin ìrìn àjò. Bí ó bá lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí A ti di G ṣááàpù, ọdún púpọ̀ ti kọjá tí ẹnikẹ́ni ti tún ohùn rẹ̀ ṣe kẹ́yìn, wáyà rẹ̀ sì lè já nígbà tí wọ́n bá ń fà á padà sókè. Ẹ wo àwọn wáyà náà bóyá wọ́n ti dípẹtà, pàápàá níbi tí wọ́n ti wé mọ́ ìṣó. Ẹ wo orí òòlù. Bí wáyà bá ti gé fẹ́ẹ̀tì wọn jìnlẹ̀, tàbí tí kòkòrò ti jẹ wọ́n, iye owó kan nìyẹn. Ẹ yọ pákó ìsàlẹ̀, níbi pẹ́dà, kí ẹ tan iná wọ inú rẹ̀. Mo ti bá ìtẹ́ eku níbẹ̀, mo ti bá ikán. Níbi ti ikán, ẹ má bá wọn ná an rárá, nítorí pé kì í ṣe píánò yẹn nìkan ni yóò jẹ nílé yín.

Wàyí o, pákó ìṣó. Ẹ tan iná sórí àwọn ìṣó kí ẹ wò wọ́n bí ẹni ń wo eyín ẹṣin. Ó yẹ kí gbogbo wọn rí bákan náà, kí wọ́n ga bákan náà. Bí ẹ bá rí èyí tó tóbi ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ẹnìkan ti bá ihò tó fẹ̀ jà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ti gbá wọlé títí wáyà tó wé mọ́ ọn fi kan irin, ẹnìkan ti gbìyànjú pẹ̀lú òòlù. Bí ègé bébà tàbí awẹ́ páálí bá yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó, tàbí tí ẹ rí àmì ṣọ́ọ̀kì lórí ọ̀pọ̀ wọn, oníṣẹ́ tó ṣáájú yín ti ń ka iye àwọn aláìsàn. Ọ̀nà kan tún wà tí kò gba ìmọ̀ kankan. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kí ó pe oníṣẹ́ láti tún ohùn rẹ̀ ṣe, ẹ lè dá sí owó náà. Kí ẹ wá padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ohùn gbogbo bá ti jọ yẹ̀ díẹ̀, ojú ọjọ́ ló fà á. Bí ẹyọ-ẹyọ bá ti já sísàlẹ̀ níbí àti lọ́hùn-ún bí ìgbà tí eyín bá yọ lẹ́nu ọmọdé, pákó ìṣó ti ń kú lọ.

Wọ́n pè mí lọ síbì kan rí, wọ́n ti ra tiwọn tán kí n tó dé. Orúkọ ilẹ̀ Yúróòpù ńlá ni, wọ́n ti fi fáníìṣì dúdú kùn ún títí ojú èèyàn fi ń hàn lára rẹ̀. Mo gbé sípánà lé ìṣó àkọ́kọ́. Ó yẹ kí ìṣó kọ́kọ́ kọ̀ fún mi, kí n gbọ́ bí igi ṣe ń ké wẹ́rẹ́, kí ó tó gbà. Èyí yí bí ìdérí ìgò. Mo gbé ọwọ́ kúrò, ó rọra yí padà fúnra rẹ̀, ohùn náà sì ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo dán ogún wò, mẹ́rìnlá ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n ti fi gbé e sí yàrá tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú gbóná nígbà òtútù, igi ti gbẹ, àwọn ìpele rẹ̀ ti là kúrò lára ara wọn. Mo wo ojú ìyá arúgbó tó jẹ́ olórí àwọn tó dáwó, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Oògùn wà o. A lè fi ìṣó tó tóbi sí i rọ́pò, a lè kán gọ́ọ̀mù ṣíṣàn sí ìdí ìṣó kọ̀ọ̀kan kó wọ inú igi. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti là bíi ti ọjọ́ yẹn, pákó tuntun ló kù, owó rẹ̀ á sì ju owó tí wọ́n fi ra píánò lọ.

Bí ẹ bá ti ra èyí tó dára, ẹ máa wá oníṣẹ́ kí ẹ tó máa wá aṣọ ìbora fún un. Ẹ mọ ohun tó ń ṣe, kí ẹ má baà rò pé ẹni tó ń yí ìṣó fún wákàtí méjì ń fi àkókò yín ṣòfò. Yóò ki ọ̀já fẹ́ẹ̀tì gígùn kan sáàárín wáyà, kí ẹyọ kan ṣoṣo nínú mẹ́ta-mẹ́ta lè máa dún. Yóò lu fọ́ọ̀kì ohùn mọ́ orúnkún, yóò mú A bá a mu. Iṣẹ́ ọpọlọ kàn nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ tóníìkì sófà, ẹ wò ó: bí ẹ bá mú dò dé sò mọ́ rekete, tí ẹ sì ń gbéra láti sò yẹn lọ sí sò tirẹ̀, títí ìgbà méjìlá, dò tí ẹ ó padà bá kò ní jẹ́ dò tí ẹ ti gbéra. Ẹ ó ti kọjá rẹ̀ díẹ̀. Oníṣẹ́ píánò ní láti pín àlékù yẹn káàkiri, kí ó dín sò kọ̀ọ̀kan kù ní bíńtín, tó fi jẹ́ pé kò sí ẹni tí etí rẹ̀ á ta sí i. Ohun tó fi ń mọ̀ ọ́n ni ìgbì. Bí ohùn méjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu tí wọn kò tíì bára mu tán, wọn a máa ṣe wáùn-wáùn-wáùn. F àti A tó wà nísàlẹ̀ dò àárín gbọ́dọ̀ máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní bí ìgbà méje ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ń ka á lórí, láìlo aago. Àwọn kan ń lo ẹ̀rọ báyìí, kò sí aburú níbẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà mẹ́ta ohùn kan ṣoṣo, etí ló ṣì ń mú wọn ṣọ̀kan jù.

Píánò tó ti lọ sílẹ̀ jìnnà kò ní gbọ́ ní ìjókòó kan. Bí oníṣẹ́ ti ń fa wáyà òkè, ìfà tuntun náà ń tẹ pákó agbóhùn, èyí tó ti kọ́kọ́ fà sì ń rọ̀. Yóò yí i káàkiri ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, yóò sì tún padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Ẹ san owó rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Yàtọ̀ sí ohùn, ẹ ní kí ó ṣàyẹ̀wò ẹ̀rọ inú: bí kíì ṣe ń wọlẹ̀ tó, tí ó máa ń jẹ́ bíi mìlímítà 10, àti bí òòlù ṣe jìnnà sí wáyà tó, bíi 45. Bí ohùn bá le koko jù, ó lè fi abẹ́rẹ́ gún fẹ́ẹ̀tì òòlù kó rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ ọ dán an wò, fẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá ti gún jù kì í padà sípò.

Ojú ọjọ́ tiwa ni ọ̀tá tó kù. Àwọn ilé-iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ti mọ̀ látijọ́, wọn a máa ṣe àwọn kan fún ilẹ̀ olóoru, wọn a fi sukúrúù idẹ dè wọ́n nítorí pé gọ́ọ̀mù nìkan kì í dúró. Ní ìgbà òjò, pákó agbóhùn a mu ọ̀rinrin, a wú, ohùn àárín a gòkè. Bí ọyẹ́ bá dé, a gbẹ, ohùn a já wálẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí èyí ju pé kí ẹ má jẹ́ kí ìyípadà náà yára lọ. Èyí tó ń pa píánò ṣọ́ọ̀ṣì jù ni ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ń tàn fún wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Ìsinmi, tí wọ́n sì ń pa fún ìyókù ọ̀sẹ̀. Igi ń gbẹ, igi ń rin, ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Bí ẹ kò bá lè tàn án déédéé, ó sàn kí ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí ẹ sì gbé píánò jìnnà sí ojú ẹ̀rọ náà. Ẹ má gbé e síbi tí òòrùn ti ń wọlé, ẹ má gbé e ti ògiri tó ń mu omi òjò. Ọ̀pá amúgbóná kékeré kan wà tí wọ́n ń ta fún inú píánò, ó dára bí iná ọba bá ń dúró ní àdúgbò yín. Gílóòbù lásán tí àwọn kan ń tàn sínú rẹ̀ ti jó nǹkan rí, ẹ yẹra fún un. Ẹ so káńfọ̀ mọ́ inú aṣọ kékeré nítorí kòkòrò, kó má kan irin tàbí fáníìṣì. Ẹ má gbé òdòdó olómi sórí rẹ̀.

Olóòró máa ń wúwo tó 200 sí 300 kílò, gráàndì ńlá Steinway tó gùn tó mítà méjì àti sẹ̀ǹtímítà 74 sì ń lọ sí 480. Ẹ má fi ọmọ ìjọ alágbára mẹ́rin gbé e lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú orin. Ẹ wá àwọn tó ní bẹ́líìtì àti pákó onítáyà, kí ẹ sì wọn ẹnu ọ̀nà ilé yín kí ọkọ̀ tó dé. Nígbà tó bá wọlé, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí igi rẹ̀ mọ ilé, kí ẹ tó pe oníṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún: lẹ́yìn tí òjò bá ti dá, àti lẹ́yìn tí ọyẹ́ bá ti lọ.

Nígbà tó bá ń múra àtilọ, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ náà àti iye tó bá A sí ẹ̀gbẹ́ kíì tó kángun sí òsì, níbi tí a kò lè rí àfi bí a bá fà á yọ. Àṣà àtijọ́ ni. Bí mo bá fa kíì yẹn yọ nínú píánò àgbà, mo máa ń bá ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀ tí ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ, ìyẹ̀fun pẹ́ńsùlù wọn ti ń pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí ìkẹyìn wọn sì jìnnà sí òní. Mo máa ń ka iye ọdún tó wà láàárín ti ìkẹyìn yẹn àti èyí tí mo fẹ́ kọ sábẹ́ rẹ̀ kí n tó gbé sípánà lé ìṣó kankan.